Ẹfun Lára Ilẹ̀kùn

"Bàbá Ràmá, ta ló ń fi ọ̀pá rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní ìdájí?"

Báyìí ni Sínátù ṣe jí ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò kí i, kò sì jẹ́ kí ó nu ipin ojú. Táhírù yí ojú sí ògiri. Ó ní ilé tí èrò kún bíi ti ọjà yìí, ta ni yóò mọ ọ̀pá ta ló ń dún. Sínátù ní ọ̀pá náà dúró níwájú ilẹ̀kùn àwọn, òun fi etí òun gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà ni nǹkan kan ń ha pátákó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Eku ni."

"Eku tó ń fi ọ̀pá rìn?"

Táhírù náà ti gbọ́ ọ, ó kàn ń bẹ̀rù láti dìde ni, bíi gbogbo ọkùnrin tí mo mọ̀. Ọkọ tèmi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, aṣọ ìbora ló máa ń fà bo orí, á wá ní kí n lọ wo ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Sínátù ṣí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Eruku ọyẹ́ kí i káàbọ̀ sínú imú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹnì kan. Nígbà tó yíjú padà ló rí i: ìlà funfun mẹ́ta lára pátákó, ní ibi tí àyà ènìyàn máa ń dé. Ìka ni wọ́n fi fà á. Ó ṣì tutù.

Ilé alájà mẹ́ta ni ilé náà, ní Asafo ní Kumasi, ní ẹ̀yìn ibùdókọ̀ àwọn lọ́rì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ló wà ní àjà kọ̀ọ̀kan, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, ìdílé kan nínú yàrá kan, àti ọkọ, àti aya, àti ọmọ, àti ẹrù tí kò gba abẹ́ ibùsùn mọ́. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà ní àgbàlá fún gbogbo wọn. Ti ilé ìgbẹ́ ni kí n má sọ. Ẹni tó bá jí pẹ́, á dúró lórí ìlà, á máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì jó. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti jó ijó yẹn rí nínú ilé tó jọ ọ́, ó sì lọ́jọ́ tí orin parí kí ó tó kàn mí.

Láti ìgbà tí onílé ti kú ni ọkàn àwọn ará ilé náà kò ti balẹ̀ mọ́. Wọ́n ti ṣe ogójì rẹ̀ tán. Wọ́n sì ti ń gbọ́ pé ẹni tó jogún ilé ń bọ̀ wá tún un ṣe, pé àwọn kan yóò dúró, àwọn kan yóò kó jáde. Àwọn wo ni àwọn kan? Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún wọn. Ayálégbé ni wọ́n, ta ló ń sọ nǹkan fún ayálégbé? Wọ́n á kàn jí lọ́jọ́ kan, wọ́n á bá nǹkan lára ilẹ̀kùn.

Sínátù mọ ohun tí funfun túmọ̀ sí. Lọ́dún tó kọjá ni àwọn wolé-wolé fi funfun sàmì sí àwọn àtíbàbà kan létí ọjà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi wá wó wọn, tí àwọn obìnrin ń ṣa páànù wọn nínú ẹrẹ̀. Ó padà wọlé, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

"Wọ́n ti sàmì sí wa," ó ní. "A ti jáde nílé yìí."

Táhírù bá dìde wàyí. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Àwa kọ́. Kwasi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí wa."

Kwasi ni ọmọ onílé tó kú. Télọ̀ ni Táhírù. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin bàbá Kwasi ni ó ti ń rán aṣọ fún un, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Ọ̀fà tí wọ́n ti wá, bí bàbá bá kú, ọmọ ní í jogún ilé. Kí ló tún kù láti rò? Táhírù ti rò ó parí láti ọjọ́ ìsìnkú, ó sì ti wọn ọrùn Kwasi.

"Ṣẹ́ẹ̀tì méjì lo rán fún un," Sínátù ní. "Ó wọ ọ̀kan kọjá níwájú mi lánàá, kò kí mi."

"Bóyá kò rí ọ."

"Èmi, pẹ̀lú ìdí mi yìí? Kò rí mi?"

Ràmátù ọmọ wọn rẹ́rìn-ín lábẹ́ aṣọ. Ìyá rẹ̀ ní kí ó dìde lọ gba ìlà omi, kí òun má bàa fún un ní ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

Ní tòótọ́, yàrá yẹn nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ilé wà ní Asawase, ilé àwọn ará wa kún ibẹ̀. Àgbàlá ni Sínátù ń rò. Àgbàlá náà ló ti ń dín àkàrà láràárọ̀, kóòsé ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, àwọn dírẹ́bà àti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ló sì ń jẹ ẹ́ tán kí lọ́rì wọn tó gbéra. Bí ó bá kúrò ní ẹ̀yìn ibùdókọ̀ yẹn, ta ni yóò máa dín in fún? Ní Asawase, alákàrà ti pọ̀ ju ẹni tí ń jẹ àkàrà lọ.

Ó tún jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń wo ilẹ̀kùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wá adìyẹ. Ilẹ̀kùn kan ní àmì, èyí tó tẹ̀ lé e kò ní. Nígbà tó dé iwájú ilẹ̀kùn Bridget, tó dojú kọ tiwọn gan-an, pátákó náà mọ́ tónítóní.

Ará Keta ni Bridget. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀ ní Anlóga, níbi tí wọ́n ti ń la pákó tí wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn, òun sì ń ta ẹja yíyan. Ó gbọ́ Yorùbá, ilé yẹn ló ti fi etí kọ́ ọ, èébú ló sì kọ́kọ́ kọ́. Ọ̀rọ̀ òórùn ẹja àti ọ̀rọ̀ omi ẹ̀wà tó ń kán sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti Sínátù tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilé kì í jáde wò wọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n lánàá, nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Sínátù rí Bridget lábẹ́ àtẹ̀gùn pẹ̀lú Yaw tó ń ṣọ́ ilé. Wọ́n forí korí. Bridget na nǹkan tí ó fi ewé wé sí Yaw, Yaw sì gbé e pamọ́ sábẹ́ aṣọ.

Lónìí, ilẹ̀kùn Bridget mọ́.

"Ṣé o rí i?" Sínátù sọ fún ara rẹ̀. "Ṣé o ti wá rí i báyìí?"

Ó sọ̀kalẹ̀ lọ bá Bákàrè onígbàjámọ̀, tí yàrá rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Kumasi ni wọ́n bí Bákàrè sí, wọ́n bí bàbá rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú. Ó ń pọ́n abẹ.

"Bàbá Onígbàjámọ̀, ẹ kú iṣẹ́."

"Ìyá Ràmá! Haba, o ò tíì gbé epo kaná? Àwọn dírẹ́bà ti ń jẹ ètè ara wọn."

"Ṣé ẹ rí nǹkan tí wọ́n fi sára ilẹ̀kùn wa?"

"Mo rí i. Ó wà lára tèmi náà."

"Kí ni ká ti pè é?"

Bákàrè wo ọ̀tún, ó wo òsì. Yaw ń gbá àgbàlá lọ́ọ̀ọ́kán, ọwọ̀ rẹ̀ ń lọ, etí rẹ̀ kò lọ. Bákàrè rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Kí o má sì bi mí ní nǹkan mìíràn."

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ó tù ú nínú nìyẹn, bí ọkàn rẹ̀ bá mọ́ sí ẹnì kankan lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n Sínátù ń gun àtẹ̀gùn padà, ó ń rò ó. Bákàrè ló ń fá orí Yaw. Kí ló dé tó fi ní kí n má fọwọ́ kàn án? Ó fẹ́ kí wọ́n bá a lára ilẹ̀kùn wa ni. Wọ́n ti ṣe tiwọn tán, àwọn ọmọ ìlú. Àwa tí a wá láti ilé ni wọn yóò lé.

Ó bu omi tó fi bó ẹ̀wà, ó ki àkísà bọ̀ ọ́, ó sì fọ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó fọ̀ ọ́ títí pátákó fi ń dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá láti Anlóga.

Ì bá dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò mìíràn ti wọ inú rẹ̀. Ẹni tó sàmì, ó mọ iye ilẹ̀kùn tó sàmì sí. Bí ọ̀kan bá dín, wọn á wá a kiri. Ó yẹ kí iye náà pé.

Ó wo ilẹ̀kùn Bridget. Bridget wà nídìí ẹ̀rọ omi, Sínátù ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òkè, ó ń bá obìnrin kan jà nítorí garawa.

Sínátù wọlé. Ó mú ṣọ́ọ̀kì tí Táhírù fi ń sàmì sára aṣọ, ó fọ́ ọ sínú àwo, ó bu díẹ̀ nínú omi ẹ̀wà yẹn sí i. Táhírù jókòó sídìí maṣíìnì, ó ń wò ó. Ó wo àwo, ó wo ìka ìyàwó rẹ̀, ó wo ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀. Ó wá fi ẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì, ó ń rán aṣọ lọ. Nígbà tí Sínátù padà wọlé tó ń ṣan ọwọ́, ó ṣì ń rán an. Kò sí òwú nínú abẹ́rẹ́.

*

Nísàlẹ̀, Náánà Akua ti wà lórí àpótí rẹ̀ lẹ́bàá àtẹ̀gùn, bó ṣe máa ń wà níbẹ̀ láràárọ̀ láti ìgbà ìsìnkú. Ẹ̀gbọ́n olóògbé ni, ìyá arúgbó tí kò ní eyín lẹ́nu, tó fi aṣọ dúdú kan ṣoṣo ro ìdí. Àwọn ayálégbé kì í kà á sí. Wọ́n rò pé ó wá jẹun ìsìnkú ni, pé kò rí ọkọ̀ padà sí abúlé. Sínátù nìkan ló máa ń mú àkàrà àkọ́dín fún un, èyí tó rọ̀, tí kò ní ata. Kò retí nǹkan kan nídìí rẹ̀. Ìyá tirẹ̀ wà ní Ọ̀fà láìléyín, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe é. Èmi náà, mẹ́ta ló kù lẹ́nu mi, wọn kò sì dojú kọ ara wọn, nítorí náà mo mọ ìwúlò àkàrà tó rọ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, orúnkún Náánà ti wú bíi kókó igi. Ó gba àkàrà, ó rẹ́rìn-ín, èrìgì rẹ̀ yọ pupa.

"Kóòsé," bẹ́ẹ̀ ló máa ń pe Sínátù, "ṣé o ti rí ilẹ̀kùn rẹ?"

Sínátù gbọ́ Twi, èdè wọn, tó ìyẹn. Ojú rẹ̀ bọ́ sára ọwọ́ arúgbó náà. Funfun wà nínú èékánná rẹ̀.

Ara rẹ̀ gbóná wàì. Obìnrin yìí! Òun ni wọ́n rán ní ìdájí! Àkàrà mi ló sì ń jẹ!

"Mo rí i, Náánà," ó ní, ojú rẹ̀ le bí òkúta ọlọ.

"Ó dára," ni Náánà wí, ó sì tún rẹ́rìn-ín. "Ó dára, ọmọ mi."

Sínátù padà sídìí epo. Ó ń gbọ́ ẹ̀rín náà lẹ́yìn ara rẹ̀ títí àkàrà tó kẹ́yìn fi jóná.

*

Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó jẹun dáadáa nínú ilé náà. Obìnrin tó ń gún fùfú ń gún un pẹ̀lú ojú lára àtẹ̀gùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gún ọwọ́ ẹni tó ń yí i. Wọ́n ń bi ara wọn pé ta ló kọ́kọ́ rí i, ta ló ń fi ọ̀pá rìn. Wọ́n ní ọmọ Zabarma tó ń ta aṣọ ló ṣe é. Wọ́n ní rárá, Yaw ni. Yaw ní òun kò mọ nǹkan kan, èyí ló sì jẹ́ kí wọ́n gbà pé ó mọ̀ ọ́n. Bridget padà láti ìdí omi, ó rí funfun lára ilẹ̀kùn rẹ̀, ó gbé garawa sílẹ̀, ó sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n gbọ́n nǹkan kúrò nínú rẹ̀. Kò pariwo. Sínátù ti múra sílẹ̀ de ariwo.

"Ìyá Ràmá," Bridget pè é nígbà tó yá. "Wọ́n ti sàmì sí mi. Ọkọ mi kò sí nílé. Níbo ni mo fẹ́ kó àwọn ọmọ yìí lọ?"

"Ọlọ́run á ṣe é," ni Sínátù wí, ó sì yára wọlé.

"Agóò!"

Ohùn Yaw ni, láti àgbàlá. Oòrùn ti ń rọ̀. Gbogbo ilé dà sí ìta. Àwọn ọkùnrin bíi mélòó kan wọlé, wọ́n da aṣọ ńlá àwọn Aṣanti sí èjìká, olórí ẹbí wà láàárín wọn. Kwasi ọmọ olóògbé wà lẹ́yìn pátápátá. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí Táhírù rán, ó gbé àga lórí. Ó gbé e kalẹ̀, ó nù ún, ó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹlòmíràn ló jókòó sórí rẹ̀, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó ń jẹ́ Kwaku.

Táhírù wo ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lára ẹni tó ń ru àga. Mi ò ní rẹ́rìn-ín. Ó dára, mo ti rẹ́rìn-ín.

"Ìyá mi nìyí," Kwaku ní, ó nawọ́ sí Náánà Akua. "Ẹ̀gbọ́n olóògbé ni, inú kan náà ni wọ́n ti jáde. Àwa kì í gba ilé lọ́dọ̀ bàbá, ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá wa la ti ń gbà á, nítorí náà ilé yìí ti di tèmi. Mo fẹ́ tún òkè ṣe fún ọ́fíìsì. Mi ò mọ ẹnì kankan nínú yín. Mo sọ fún ìyá mi pé kí ó jókòó tì yín, kí ó wo ẹni tó ní ìwà. Ọ̀fọ̀ ti parí, ó ti kó ẹfun, ó sì ti fi ẹfun sára ilẹ̀kùn àwọn tó fẹ́. Ẹni tí ẹfun bá wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ó jókòó. Ẹni tí kò bá ní, káfíńtà ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Mo fẹ́ yàrá mi kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ariwo bẹ́ ní àgbàlá, ti ayọ̀ àti ti ẹkún, kò ṣeé yà sọ́tọ̀.

Sínátù yíjú sí Bákàrè. Bákàrè gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹfun ayọ̀ ni, wọn kì í fi í ṣe ibi níhìn-ín. Mo ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án! Bí mo bá ti sọ ìdí rẹ̀, gbogbo ilé yìí ì bá ti funfun kí ọ̀sán tó pọ́n. Ṣé o… Ìyá Ràmá, kí lo ṣe sí i?"

Sínátù ti ń sáré gun àtẹ̀gùn. Kwaku, Yaw àti olórí ẹbí ń gòkè lẹ́yìn rẹ̀. Náánà kò lè gòkè mọ́, orúnkún rẹ̀ kò jẹ́. (Mo mọ irú orúnkún bẹ́ẹ̀, méjì ni mo ní.)

Wọ́n ń wo ilẹ̀kùn. "Dúró," Kwaku ń wí. "Jáde. Dúró." Ó dé iwájú ilẹ̀kùn Bridget, ó rí ìlà mẹ́ta. "Dúró." Bridget bú sẹ́kún, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Kwaku yíjú sí òdìkejì. Pátákó náà ń dán. "Jáde."

"Ọ̀gá," Sínátù ní, "tiwa…"

"Tiyín kí ló ṣe?"

Táhírù di ọwọ́ rẹ̀ mú lẹ́yìn, ó fún un pọ̀. Bí ó bá ní ẹfun wà lára tiwa, wọn á ní ta ló fọ̀ ọ́. Bí ó bá ní òun ló fọ̀ ọ́, wọn á wo àwọn ilẹ̀kùn yòókù. Bridget sì dúró síbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa ìlà mẹ́ta náà bí ẹni ń pa orí ọmọ.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró ní ìsàlẹ̀ ìlà kẹta. Ó tẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó fi èékánná yọ nǹkan kan kúrò lára rẹ̀, nǹkan pẹlẹbẹ, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Èèpo ẹ̀wà ni.

Obìnrin kan ṣoṣo ló ń bó ẹ̀wà nínú gbogbo ilé yẹn.

Bridget gbé ojú sókè. Òun àti Sínátù wo ara wọn kọjá lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró náà. Kwaku ti kọjá lọ, ohùn rẹ̀ ń bọ̀ láti iwájú, jáde, dúró, jáde.

"Tiwa kò ṣe nǹkan kan, Ọ̀gá," ni Sínátù wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọ̀gá kò sí níbẹ̀ mọ́.

*

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Táhírù ti rí ọmọlanke. Maṣíìnì ló kọ́kọ́ gbé jáde, ó dì í bí ọmọ tuntun. Ará Ọ̀fà kan ní Asawase ti ní kí wọ́n wá sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun ná. Táhírù kò bá ìyàwó rẹ̀ wí. Ó ṣáà ń béèrè nǹkan kékeré, okùn dà, ṣíbí dà, kò sì wo ojú rẹ̀.

Sínátù gbé agbada àkàrà rù. Bridget dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ká ọwọ́ gbera. Sínátù kò mọ ohun tí yóò sọ, ó fẹ́ kọjá.

"Ẹja ni Yaw rà lọ́wọ́ mi lánàá," Bridget ní. "Ẹja. Ìyàwó rẹ̀ kò fẹ́ kí ó máa rà á lọ́wọ́ mi, ìdí nìyẹn tó fi gbé e pamọ́ sábẹ́ aṣọ."

Sínátù fọwọ́ tún agbada gbé lórí.

"O ṣeun," ó ní. Kò mọ ìdí tó fi dúpẹ́. Ó sọ̀kalẹ̀.

Náánà Akua wà lórí àpótí rẹ̀ ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ọ̀nà náà kò gba òun àti ẹlẹ́rù. Ó gbé ojú sókè, ó rí agbada, ó rí Ràmátù tó ru ẹní, ó rí ọmọlanke lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rín rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀.

"Kóòsé. Níbo lò ń gbé ẹrù lọ?"

"Asawase, Náánà."

"Kí ló dé? Èmi fúnra mi ni mo gun àtẹ̀gùn yẹn. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi fa ẹfun sára ilẹ̀kùn rẹ. Tìrẹ ni mo kọ́kọ́ fà." Ó gbé ìka mẹ́ta sókè. "Ta ló pa á rẹ́?"

Sínátù gbọ́ pákó tó ń dún lókè orí rẹ̀. Bridget ti jáde sí ẹnu àtẹ̀gùn, ó di igi ọwọ́ àtẹ̀gùn mú, ó ń gbọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Òjò ni, Náánà," ni Sínátù wí. "Òjò ló fọ̀ ọ́."

Arúgbó náà gbé ojú sí ọ̀run. Ọ̀run ọyẹ́ ni, ó gbẹ, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Eruku wà lórí páànù, eruku wà lórí ẹ̀rọ omi. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin àbúrò rẹ̀, ẹ̀kán òjò kan kò tíì kán sí Kumasi.

Ó rọra sọ ojú kalẹ̀. Ó wo ìka Sínátù tó di etí agbada mú. Ó wo òkè àtẹ̀gùn níbi tí Bridget dúró sí, ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó gbé ojú kúrò níbẹ̀.

"Òjò," ó ní.

Ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó dìde lórí orúnkún tó wú náà, ó sì fa àpótí rẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹrù lè rọ́nà kọjá.